Top Gear ti ìlú Ọba àti ti Amẹ́ríkà: èwo ló lè dé Apapa?

Bí ẹ bá fẹ́ dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín àwọn tó fẹ́ràn ọkọ̀, ẹ kàn bi wọ́n pé èwo ló dáa jù nínú Top Gear ti ìlú Ọba àti èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà wò ṣe. Ẹnì kan á ní láìsí Jeremy Clarkson, kò sí Top Gear. Ẹlòmíì á ní ti Amẹ́ríkà ló ní ọkọ̀ tí ojú wa mọ̀, pé kí lèèyàn fẹ́ fi ọkọ̀ tí sitiárìn rẹ̀ wà lápá ọ̀tún ṣe. Mo ti wo méjèèjì lórí YouTube débi pé mi ò fẹ́ ṣírò iye dátà tó bá a lọ. Ti ìlú Ọba ni mo fara mọ́, ẹ̀fẹ̀ Clarkson kọ́ ló sì fà á o, torí òmíràn nínú ẹ̀fẹ̀ ọkùnrin yẹn kò bójú mu rárá. Ohun tí mo rí ni pé nígbà tí ètò yẹn bá wà lójú ọ̀nà, ó máa ń béèrè nǹkan tí ẹni tó ni ọkọ̀ fúnra rẹ̀ fẹ́ mọ̀, á sì dán an wò lójú gbogbo èèyàn. Àwọn ará Amẹ́ríkà kó gbogbo ẹrù inú ètò náà, wọ́n gbàgbé ìbéèrè sílé.

Fún ẹni tí kò mọ̀ wọ́n: ọdún 1977 ni BBC bẹ̀rẹ̀ Top Gear. Ètò jẹ́ẹ́jẹ́ ni nígbà náà, tó ń sọ iye epo tí ọkọ̀ ń jẹ àti bí búùtù rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó. Oṣù kẹwàá ọdún 2002 ni wọ́n tún un gbé jáde ní irú èyí tí gbogbo ayé mọ̀. Clarkson àti Richard Hammond wà níbẹ̀, James May dara pọ̀ mọ́ wọn lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Wọ́n ń sáré ní pápá ọkọ̀ òfurufú kan ní Dunsfold, wọ́n ní awakọ̀ kan tí kì í ṣí akoto lójú tí wọ́n ń pè ní Stig, wọ́n sì máa ń ti àwọn gbajúmọ̀ sínú Suzuki Liana, ọkọ̀ tí kò wọ́n rárá, kí wọ́n lè wo ẹni tó máa sá a yára jù.

Ní Amẹ́ríkà, NBC kọ́kọ́ ṣe ẹyọ kan fún àyẹ̀wò ní 2008, kò tiẹ̀ jáde. Iléeṣẹ́ tẹlifíṣàn History ló wá bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní oṣù kọkànlá ọdún 2010, ó sì ń lọ títí di 2016. Adam Ferrara tó jẹ́ aláwàdà, Tanner Foust tó jẹ́ awakọ̀ ìdíje, àti Rutledge Wood ni wọ́n fi síbẹ̀. Pápá ọkọ̀ òfurufú ń kọ́? Wọ́n ní i, El Toro ní California. Stig ń kọ́? Ó wà. Suzuki fún àwọn gbajúmọ̀? Ó wà, SX4 ni. Ọkùnrin mẹ́ta tó ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́? Wọ́n pé mẹ́ta.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kàn wá ni Apapa. Ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà fi wíwa ọkọ̀ lápá òsì títì sílẹ̀, tí a bọ́ sápá ọ̀tún. Látìgbà náà ni sitiárìn ọkọ̀ wa ti wà lápá òsì, òfin kò sì gbà kéèyàn kó èyí tó wà lápá ọ̀tún wọlé fún lílò. Èyí túmọ̀ sí pé ọkọ̀ tí Clarkson ń wà ní Dunsfold kò lè gba èbúté Apapa tàbí Tin Can kọjá sí ìgboro. Àwọn Camry, Corolla, Sienna àti Highlander tó ń sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ló jẹ́ pé títì Amẹ́ríkà ni wọ́n ti lo ìgbà èwe wọn. Ẹ gba Báńdárì wọ inú Ajegunle, kẹ́ ẹ yọjú sí ọkọ̀ tó wà lọ́dọ̀ mẹ́káníìkì èyíkéyìí. Tí sitiárìn bá wà lápá òsì, tí aago iwájú sì ń ka máìlì, Amẹ́ríkà nìyẹn, ẹ ò ní béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Tó bá jẹ́ ọkọ̀ nìkan la fẹ́ fi ṣèdájọ́, ó yẹ kí Top Gear ti Amẹ́ríkà wúlò fún wa jù. Àwọn ni wọ́n ń wa ọkọ̀ wa kó tó di tiwa! Kí ni wọ́n wá fi dán wò?

Nínú ìpín àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé jáde, Foust wa Dodge Viper kiri inú ìlú kékeré kan ní Georgia, hẹlikópítà ológun tí wọ́n ń pè ní Cobra sì ń lé e látòkè. Ejò ń lé ejò. Ó dùn ún wò, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ta ni hẹlikópítà ológun ń lé kiri ìgboro? Nígbà tó parí, kò sí nǹkan kan tí mo mọ̀ nípa Viper tí mi ò mọ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀, àfi pé ó yára, ìyẹn sì wà lára pépà tí wọ́n fi ń polówó rẹ̀.

Ẹ wá wo ti Hilux, ní 2003. Wọ́n ra Toyota Hilux ọdún 1988 kan, dísù, pọ́n-ùn 1,000, tó ti rin nǹkan bí 190,000 máìlì. Ìbéèrè wọn kò gùn: ṣé lóòótọ́ ni ọkọ̀ yìí kì í kú? Wọ́n fi sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, wọ́n fi kọ lu igi. Wọ́n so ó mọ́ etí òkun ní Burnham-on-Sea. Omi já okùn, ó gbé e lọ, ó sì fi iyanrìn bò ó. Wọ́n wá a rí, mẹ́káníìkì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó jí. Wọ́n ju nǹkan wúwo lé e, wọ́n dáná sun ún. Níkẹyìn wọ́n gbé e sórí ilé alájà 23 tí wọ́n fẹ́ fi ohun abúgbàù wó, ilé wó, wọ́n yọ ọ́ lábẹ́ àlàpà. Ó tún jí.

Ohun tó jẹ́ kí n máa pè é ní sáyẹ́ǹsì ni òfin tí wọ́n fi de ara wọn. Mẹ́káníìkì kò gbọ́dọ̀ fi pátì tuntun kankan sí i, àfi gíláàsì iwájú. Irinṣẹ́ kéékèèké ló gbọ́dọ̀ lò. Tí kò bá sí òfin yẹn, kò sí ọkọ̀ tí kò lè jí. Owó lásán ni. Òfin yẹn ló sọ ìran wíwò di ìdánwò, torí òun ló jẹ́ kó ṣeé ṣe kí ọkọ̀ náà kùnà. Ẹ sì wò ó dáadáa, òfin Ajegunle ni! Kò sí owó pátì tuntun, sípánà mẹ́ta àti òòlù kan ló wà nílẹ̀, oníbàárà sì dúró ń wò yín, ó fẹ́ gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ lọ́la.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan tó dàgbà sí Ajegunle, ti Amẹ́ríkà ló fẹ́ràn jù. Tá a bá dé ibi báyìí nínú àríyànjiyàn wa, á ní, “Aláyé, eré ni wọ́n ń ṣe. Ìwọ nìkan lo gbé ìwé físíìsì lọ síbi eré.” Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìdí, torí àwọn ará ìlú Ọba náà máa ń ṣe màgòmágó. Ní 2010, Clarkson wa Reliant Robin, ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, gbogbo ìgbà tó bá ti fẹ́ yà ló ń dojú dé. A rẹ́rìn-ín títí. Ní 2016 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé wọ́n ti fọwọ́ kan gíà ẹ̀yìn ọkọ̀ náà kó lè máa ṣubú. Nígbà tí wọ́n sì dán Tesla Roadster wò ní 2008, wọ́n jẹ́ kó dà bíi pé iná bátìrì rẹ̀ tán lórí pápá. Tesla ní àkọsílẹ̀ inú ọkọ̀ fi hàn pé bátìrì kò lọ sílẹ̀ ju ìdá 20 nínú 100 lọ. Wọ́n gbé BBC lọ sílé ẹjọ́ ní 2011, wọn ò jàre.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Ìdí tí inú fi bí àwọn èèyàn sí ọ̀rọ̀ Robin àti ti Tesla ni pé ìbéèrè gidi ni wọ́n fi eré dáhùn: ṣé ọkọ̀ yìí máa dojú dé, ṣé iná rẹ̀ máa gbé mi délé? Kò sẹ́ni tó lè sọ pé Cobra àti Viper ṣe màgòmágó. Irọ́ kankan ò lè wọ ibi tí kò ti sí ìbéèrè.

Kí n ṣe déédéé pẹ̀lú àwọn ará Amẹ́ríkà. Foust mọ ọkọ̀ wà ju àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ìlú Ọba lọ pátápátá, ẹ̀kọ́ nípa ohun abẹ̀mí ló sì kà ní yunifásítì kó tó di awakọ̀ ìdíje, èyí tó máa ń wú èmi lórí. Nígbà tó sì yá, tí wọ́n pa yàrá tí èrò máa ń kún tì, tí wọ́n ń rin ìrìn-àjò tiwọn pẹ̀lú ọkọ̀ tiwọn ní ìgbèríko tiwọn, ètò náà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn sí i. Ìgbà tí wọ́n fi ń wo ẹ̀yìn Clarkson ni wọ́n ṣubú. Àwòkọ tó bá gbé aṣọ tí kò gbé ara, bó ṣe máa ń rí nìyẹn.

Ní báyìí, kí ni à bá béèrè ká ní a fẹ́ ṣe tiwa, láti Apapa dé Ajegunle? Ìyẹn ló ń jẹ mí lọ́kàn, torí nǹkan méjì wà níbẹ̀ tí ń gba owó àti ẹ̀mí lọ́wọ́ èèyàn, tí mi ò sì tíì rí ètò kankan tó dán wọn wò.

Àkọ́kọ́ ni ọkọ̀ tó ti wọ omi. Ẹni tó bá wo Hilux yẹn lè rò pé omi kì í ṣe ọkọ̀ ní nǹkan kan. Ẹ má jẹ́ kó tàn yín. Ẹ́ńjìnnì dísù kò ní púlọ́ọ̀gì tó ń ta iná. Ó máa ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ títí afẹ́fẹ́ náà á fi gbóná débi pé dísù tó bá bọ́ sínú rẹ̀ á gbiná fúnra rẹ̀. Pọ́ńpù tó ń ti epo lọ síbẹ̀ ní 1988, irin lásán ni, kò sí “brain box” tó ń darí rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá gbọn omi kúrò nínú ẹ́ńjìnnì, tẹ́ ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì, tẹ́ ẹ nu ìdọ̀tí kúrò nínú ọ̀nà epo, kò sí ohun tó tún kù tó máa bínú. (Wọ́n tún ṣe oríire pé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti kú nígbà tí òkun bò ó. Omi kò ṣeé fún pọ̀ bí afẹ́fẹ́. Ẹ́ńjìnnì tó bá gbé omi mì níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ lè tẹ irin inú ara rẹ̀.)

Camry ọdún 2015 kì í ṣe irú ẹ̀dá yẹn. Kọ̀ǹpútà kéékèèké pọ̀ nínú rẹ̀: ti ẹ́ńjìnnì, ti bíréèkì, ti apo afẹ́fẹ́ tó ń là nígbà ìjàǹbá. Wáyà bàbà ló so wọ́n pọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wáyà náà sì gba abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì kọjá. Tí omi iyọ̀ bá dé ojú ibi tí wáyà ti pàdé wáyà, iná bátìrì á máa gba inú omi náà kọjá, á sì máa jẹ bàbà náà díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀tù àwọ̀ ewé tẹ́ ẹ máa ń rí níbẹ̀ nìyẹn. Kì í ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan. Kápẹ́ẹ̀tì á ti gbẹ, wọ́n á ti fọ ọkọ̀, wọ́n á ti fi lọ́fínńdà sí i, ẹ̀tù yẹn á ṣì máa pọ̀ sí i. Àwọn nǹkan tó ń wọn ooru àti atẹ́gùn nínú ẹ́ńjìnnì máa ń fi iná tó kéré gan-an ránṣẹ́, tí kò tó fóòtì 5. Bí ẹ̀tù bá dí i lọ́nà díẹ̀, iye tó dé ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà á yàtọ̀ sí iye tó kúrò níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà á gba irọ́ gbọ́, á sì ṣiṣẹ́ lé e lórí.

Àǹtí mi kan ra Camry tòkúnbọ̀ bẹ́ẹ̀. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, kò sí wàhálà. Lẹ́yìn náà ni iná iwájú bẹ̀rẹ̀ sí í tàn fúnra wọn, fèrèsé kan á sọ̀ kalẹ̀ lójijì nínú òjò. Ó gbé e kiri ọ̀dọ̀ mẹ́káníìkì méjì, wọ́n ń pààrọ̀ pátì fún un. Mẹ́káníìkì kẹta ní Ajegunle ni kò fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì rárá. Ó yọ ìjókòó iwájú, ó ká kápẹ́ẹ̀tì sókè, ó fi ìka gbá abẹ́ rẹ̀, ó sì na ìka náà sí wa: iyanrìn, kúná bí àtíkè. Bóòtù tó de ìjókòó mọ́lẹ̀ ti dípẹtà. Ó fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde títí dé ìdí, a sì rí ìlà àbàwọ́n tó gba àárín rẹ̀ kọjá. Ó ní, “Mọ́mì, ọkọ̀ yín ti lúwẹ̀ẹ́ rí.”

Ìjì líle bíi Harvey tó jà ní Texas ní 2017 máa ń ba ọkọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún jẹ́. Níbẹ̀, wọ́n máa ń kọ ọ́ sára ìwé ọkọ̀ pé omi ti bò ó, iye rẹ̀ á sì wálẹ̀ gan-an ní ọjà gbàǹjo. Ìwé yẹn lè má tẹ̀ lé ọkọ̀ dé iwájú ẹni tó ń rà á ní Bẹ́gà. Àjọ UNEP ní láàárín 2015 sí 2018, ọkọ̀ àlòkù mílíọ̀nù 14 ni wọ́n kó láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, nǹkan bí ìdá 80 nínú 100 wọn lọ sí àwọn ilẹ̀ tí kò lówó tàbí tówó wọn mọ níwọ̀n, Áfíríkà ló sì gba ìpín tó pọ̀ jù. Iye tó ti lúwẹ̀ẹ́ nínú wọn, ẹni tó ń rà á kọ́ ló yẹ kó máa fi kádàrá mọ̀ ọ́n.

Ìdánwò tí mo fẹ́ rèé. Ẹ wá Camry mẹ́rin tó jọra. Ẹ ri ọ̀kan sínú omi iyọ̀ fún ọjọ́ kan, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ gbẹ ẹ́, ẹ ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ bí àwọn tó ń tà á ṣe ń ṣe é. Ẹ pe mẹ́káníìkì mẹ́wàá láti Ajegunle, ẹ má sọ fún wọn èwo ni, kẹ́ ẹ sì fún wọn ní ogún ìṣẹ́jú. Tí wọ́n bá kàn ń tàdánù, nǹkan bí ẹni méjì tàbí mẹ́ta nínú mẹ́wàá ló máa gbà á. Tí mẹ́jọ bá gbà á, a ti mọ̀ pé ọgbọ́n wà níbẹ̀, a sì máa bi wọ́n ohun tí wọ́n wò. Ẹ̀gbọ́n mẹ́káníìkì tó ká kápẹ́ẹ̀tì yẹn, mo mọ iye tí mo máa fi kọ́ iyàn lé e.

Ìkejì wúwo ju ọkọ̀ lọ. Kọ̀ǹténà ni.

Ẹ rántí Robin tó ń dojú dé tí a ń rẹ́rìn-ín. Ní Èkó, ohun tó ń dojú dé ń bọ́ lu èèyàn. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2015, kọ̀ǹténà já bọ́ láti orí afárá Ojúẹ̀lẹ́gbà, ó pa èèyàn mẹ́ta. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2023, ní Ojúẹ̀lẹ́gbà yẹn náà, òmíràn já lu bọ́ọ̀sì, èèyàn mẹ́sàn-án ló kú. Ọ̀nà tí tírélà láti Apapa máa ń gbà wọ àárín ìlú ni. Lẹ́yìn ìkọ̀ọ̀kan, wọ́n á ní eré àsápajúdé ni, tàbí awakọ̀ mu ògógóró. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nọ́ḿbà kan wà tí gbogbo ọkọ̀ ní, tí mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ rí lórí rédíò.

Ẹ wọn láti àárín ọkọ̀ dé ibi tí táyà ẹ̀gbẹ́ kan ti tẹ ilẹ̀. Ẹ wọn bí àárín ìwúwo ọkọ̀ náà, ibi tí gbogbo ìwúwo rẹ̀ kó jọ sí, ṣe ga tó láti ilẹ̀. Ẹ fi èkejì pín àkọ́kọ́. Nọ́ḿbà náà nìyẹn. Fún Camry, á jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 75 tẹ́ ẹ fi 55 pín: ó ju 1 lọ. Táyà á yọ̀ lórí títì kí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tó rò ó láti dojú dé. Tírélà tó gbé kọ̀ǹténà tó kún bámúbámú ń kọ́? Àárín dé táyà jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 95, torí òfin títì kò jẹ́ kí tírélà fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n àárín ìwúwo rẹ̀ lè ga tó 250. Ẹ pín in: 0.38. Irú nọ́ḿbà bẹ́ẹ̀ túmọ̀ sí pé tírélà náà á dojú dé kí táyà rẹ̀ tó yọ̀ rárá. Awakọ̀ kò ní gbọ́ igbe táyà tó máa kìlọ̀ fún un. Ní kọ́nà tó bá yí bí òbìrìkìtì tí ìwọ̀n àárín rẹ̀ dé etí jẹ́ mítà 30, ìṣirò ní kìlómítà 38 láàárín wákàtí kan ti tó láti gbé táyà inú kúrò nílẹ̀. (Pé 38 tún jáde níbẹ̀, ó kàn ṣe kòńgẹ́ ni.) Lójú ayé, kò tiẹ̀ ní tó bẹ́ẹ̀, torí sípíríìńgì á tẹ̀, ẹrù inú á sì fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kìlómítà 38, eré tí kéké Màrúwá ń sá nìyẹn o. Ẹni tó rí tírélà náà kò ní sọ pé ó ń sáré.

Ìyẹn ni tí kọ̀ǹténà bá wà ní títì pa. Irin mẹ́rin ló yẹ kó dè é mọ́ ẹ̀yìn tírélà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní igun; wọ́n á tì í bọ ihò, wọ́n á yí i. Àwọn kan máa ń sọ pé awakọ̀ míì kì í yí i, pé tí kọ̀ǹténà bá fẹ́ ṣubú, kó dá ṣubú, kó má fa ọkọ̀ dání. Tí kò bá sí títì, ohun tó kù tó di kọ̀ǹténà mú kò ju bí irin ṣe ń di irin mú nítorí ìwúwo tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ wá fi gbá inú kòtò kan. Tírélà á fò sókè, kọ̀ǹténà á fúyẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, nígbà tó sì fúyẹ́ yẹn, kò sí ohun tó dì í mú mọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Creek Road nígbà tó burú jù, mi ò ní láti ṣàpèjúwe kòtò fún yín.

Ní 2008, Clarkson, Hammond àti May ra tírélà àlòkù, wọ́n sì fi wọ́n ṣe ìdíje. Clarkson fi tiẹ̀ kọ lu ògiri bíríkì. Mo gbádùn ẹ̀. Nǹkan tó sì yà mí lẹ́nu ni pé ìlú Ọba kan náà ní ìdánwò tó dáa ju ìyẹn lọ, tí kì í ṣe ti tẹlifíṣàn. Bọ́ọ̀sì alájà méjì kò gbọ́dọ̀ gbé èrò níbẹ̀ àfi tí irú rẹ̀ bá ti dúró lórí pèpéle tí wọ́n gbé ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ sókè dé dígírì 28, pẹ̀lú ẹrù tó dúró fún èrò ní àjà òkè, tí kò sì ṣubú. Kò nílò eré sísá, kò nílò kọ́nà. Pèpéle tó dagun nìkan ló gbà.

Igun tí nǹkan máa fi ṣubú lórí pèpéle dagun àti nọ́ḿbà tí mo ṣírò lẹ́ẹ̀kan, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n. 0.38 jẹ́ nǹkan bíi dígírì 21. Ẹ lè wò ó nílé lónìí. Ẹ wá páálí bíṣíkíìtì, ẹ rọ ìrẹsì sínú rẹ̀ dé ìdajì, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ ìṣeré ọmọdé, ẹ gbé e sórí pátákó. Ẹ máa gbé ẹ̀gbẹ́ pátákó náà sókè díẹ̀díẹ̀, ẹ jẹ́ kí fóònù wọn igun rẹ̀. Ọ̀pọ̀ fóònù ní áàpù tó ń ṣe é. Ẹ kọ igun tó fi ṣubú sílẹ̀. Ẹ rọ ìrẹsì kún un, ẹ tún un ṣe. Lẹ́yìn náà ẹ tú ohun tẹ́ ẹ fi lẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ kàn gbé páálí náà lé e lásán, kẹ́ ẹ máa gbọn pátákó náà bí ẹni tó ń gba inú kòtò kọjá.

Top Gear ti ìlú Ọba ti wà ní ìsinmi láti 2023. Ti Amẹ́ríkà yí ọwọ́ padà lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn tí History jáwọ́ nínú ẹ̀. Kò sí ìkankan nínú wọn tó máa wá sí Báńdárì wá yá pèpéle, kọ̀ǹténà òfìfo àti àpò iyanrìn. Èmi ti béèrè iye tí wọ́n ń fi fọ́ọ̀kì wúwo sílẹ̀ lọ́jọ́ kan ní Apapa. Owó náà ju ti akẹ́kọ̀ọ́ lọ, ṣùgbọ́n kò ju ti èèyàn ogún lọ. Ẹni tó bá ní tírélà tó ti jókòó, tí kò bẹ̀rù kó ṣubú, kó bá mi sọ̀rọ̀. Ìgbà àkọ́kọ́, a máa yí irin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pa. Ìgbà kejì, a máa fi wọ́n sílẹ̀ láìyí, kí kámẹ́rà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ igun kọ̀ọ̀kan, ká lè rí èyí tó máa kọ́kọ́ gbéra.